Kọọ́sílẹ̀ Tó Pa Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Ní Orí Keje

Ọjọ́bọ̀ kan ni Kọọ́sílẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jù ú sí kànga ní orí keje, ó fi àmì ìdánudúró sí i, ó sì lọ mu tíì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ilẹ̀kùn ni. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú, òun ló sì kan ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá tí Kọọ́sílẹ̀ ti ń kọ̀wé. Ilẹ̀kùn ò dé. Tí wọ́n bá tì í, á rọra ṣí padà, bí àlejò tó rántí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn tó ti dágbére. Kọọ́sílẹ̀ ní ilẹ̀kùn náà wọ́. Káfíńtà ní ilẹ̀kùn ò wọ́, ilé ló wọ́. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tó yá, Kọọ́sílẹ̀ ò bá a jiyàn mọ́. Ó kàn lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, nítorí pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìtàn rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, káfíńtà kan sì wà nínú ìtàn náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n dé, ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá, lẹ́búlẹ́bú igi ní ìpéǹpéjú. Àbígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin Kọọ́sílẹ̀, tó máa ń fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ bá fọwọ́ kọ, wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ṣé èmi lo pa yìí?" ni káfíńtà wí.

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Káfíńtà inú ìwé ni."

"Káfíńtà inú ìwé náà ló ní àpá lójúgun òsì?"

"Àpá pọ̀ lójúgun àwọn káfíńtà."

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó béèrè bóyá wọ́n ti sin òun. Kọọ́sílẹ̀ ní ó di orí kẹjọ. Ó béèrè irú igi tí wọn yóò fi kan pósí. Kọọ́sílẹ̀ ní òun ò tíì ronú débẹ̀.

"Igi gidi ni kó o lò," ni òkú wí. "Mi ò fẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́."

Kọọ́sílẹ̀ gbà, ìjà ì bá sì parí síbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn òǹkàwé rí pósí tí ẹni tó wà láàyè lè máa jowú rẹ̀. Igi rẹ̀ wúwo, ara rẹ̀ ń dán, ìpínrọ̀ mẹ́ta ni Kọọ́sílẹ̀ fi yìn ín. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé ìdérí rẹ̀ ò dé dáadáa.

Ọdún mẹ́sàn-án ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkà ni Kọọ́sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò, èyí ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tó ń ròyìn bí ọkọ rẹ̀ ṣe sá lọ, Kọọ́sílẹ̀ á mi orí tàánútàánú, á gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á wá yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Àbígbẹ̀yìn, kọ ọ́ sílẹ̀." Níbẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lórí. Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò tó bá wá kí i kì í sọ̀rọ̀ kọjá ojú ọjọ́. Ó fi ojú ọjọ́ náà sínú ìwé.

Nínú ìwé rẹ̀, ìbátan ò dúró lójú kan. Ẹni tó bá ṣe é lóore á máa sún mọ́ tòsí: ará ilé kejì á di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á di àbúrò bàbá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ á máa sún sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan, láìní ibi kankan lọ́kàn, pé ìwé rẹ̀ ti gùn jù. Ní ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà, ìyá ìyàwó ló jẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀, ó ti di ayálégbé. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di obìnrin kan tó gbé garawa kọjá lójú títì. Ìyá àgbà kà á tán, ó ní ìwé náà ṣì gùn.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, aránṣọ tó máa ń to abẹ́rẹ́ sẹ́nu tó bá ń ṣiṣẹ́, wà nínú ìwé mẹ́rin. Nínú èkíní, omidan ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ni. Nínú èkejì, ìyàwó ilé ni. Nínú ẹ̀kẹta, opó ni. Ó ka ìyẹn dé ìdajì, ó yọ àwọn abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Àbígbẹ̀yìn, ìgbà wo lẹ kú?"

"Ojú ìwé kejì. Mo fẹ́ kó o ráàyè gbilẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ò kúkú lè rìnrìn-àjò ni?"

Ó ní òun ti dán ìyẹn wò, àmọ́ òun ń kọ lẹ́tà sílé jù, kò sì jẹ́ kí ìtàn náà rìn. Nínú ìwé kẹrin, opó náà fẹ́ ẹlòmíì, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń tún aago ṣe. Kọọ́sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dá ọkùnrin náà láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Oṣù méjì ló fi ń jowú rẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn nìkan ni kò sí nínú ìwé kankan. Ó ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé fún bàbá rẹ̀, tó ń fi ojú wá ara rẹ̀ kiri láàárín wọn bí ẹni tó ń wá orúkọ rẹ̀ lára pátákó èsì ìdánwò. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ìyá ìyá rẹ̀, ó rí ológbò ilé. Lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó béèrè. Kọọ́sílẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Ẹni tó bá ti wọnú ìtàn, nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i," ó wí. "Kí ni kí n jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Àbígbẹ̀yìn tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dá awò padà sójú, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, ẹnì kan ti ń dúró láti rì sómi láti àárọ̀.

Ìjà ìdérí pósí wọ ọdún kẹsàn-án nígbà tí àwọn onífíìmù dé. Olùdarí wọn, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní àwọn fẹ́ fi ìtàn káfíńtà náà ṣe fíìmù, àwọn á kàn fọwọ́ tọ́ ọ díẹ̀. Díẹ̀ ọ̀hún pọ̀. Wọ́n pa ìyá àti àǹtí inú ìtàn náà pọ̀ di ẹyọ ẹnì kan. Wọ́n yọ kànga kúrò, torí pé ẹ̀rọ ayàwòrán ò lè wọ ibẹ̀. Bí kò sì ti sí kànga, káfíńtà ò rí ibi kú sí.

"Bàbá," ni olùdarí náà ṣàlàyé, "tí ẹ̀gbọ́n bá kú láàárín ìtàn, àwọn òǹwòran á dìde, wọ́n á máa lọ sílé."

"Èmi náà á bá wọn lọ," ni Kọọ́sílẹ̀ wí. Wọ́n ṣe fíìmù náà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní ilé sinimá, ó wọ kóòtù, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n jókòó sí ìlà kẹrin. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi yọ. Ẹni tó ṣe káfíńtà, irùngbọ̀n ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Ẹni tó ṣe òǹkọ̀wé, àbúrò rẹ̀, ní ewú lórí, ó sì yọ ikùn. Káfíńtà la ẹnu, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Kọọ́sílẹ̀ dìde dúró. "Irọ́ ni," ó sọ fún aṣọ funfun iwájú náà. "Èmi ni àbúrò."

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹ kú oríire, bàbá. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Àmọ́ èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ní ìparí, káfíńtà wá sẹ́nu ọ̀nà òǹkọ̀wé, ó kúnlẹ̀, ó ń fi omijé bẹ̀bẹ̀. Èrò ọ̀tún ń fa imú, èrò òsì ń nu ojú. Kọọ́sílẹ̀ ń wò wọ́n bí ẹni tó bá àwọn aṣọ̀fọ̀ nílé tí kò sẹ́ni tó kú. Kò dúró wo orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù. Ó jáde, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àbígbẹ̀yìn rò pé ọ́fíìsì olùdarí ló ń lọ. Ó kọjá ibẹ̀. Ó kọjá ibùdókọ̀, ó kọjá ilé oníbúrẹ́dì, ó sì yà sí òpópónà kan tó ti ń gba ẹ̀yìn ilé ìwé yẹra fún láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìgbà tí òórùn igi tútù kọ lù wọ́n ni ọmọ náà mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ń fá pákó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ti sọ yín di àbúrò mi," ni Kọọ́sílẹ̀ wí.

"Ta ni?"

"Àwọn onífíìmù."

Káfíńtà fẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lójú pákó. "Ìwọ wá sọ pé kí ni?"

"Mo dìde láàárín èrò, mo ní irọ́ ni."

"O ṣe dáadáa. Jókòó."

Kọọ́sílẹ̀ jókòó sórí àpótí kan. Àbígbẹ̀yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ìṣó inú agolo bí ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá òun kú nínú fíìmù náà. Àbúrò ní rárá. Ó béèrè bó ṣe wá parí.

"Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ bẹ̀ mí."

Ọwọ́ káfíńtà dúró lórí igi. "Èmi? Mo bẹ ìwọ?"

"Mo ṣáà ní irọ́ ni."

"Kí wá ni òótọ́ ibẹ̀?"

Ọkùnrin tó ti kọ ìwé mọ́kànlá wo ilẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìdérí yẹn dé."

"Ìdérí wo?"

"Ti pósí yín. Ó dé geere. Inú ló ń bí mi."

Ẹ̀gbọ́n tún mú iṣẹ́ rẹ̀, ó fá pákó lọ, ó fá a bọ̀, títí tí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá ní ilẹ̀kùn yẹn náà, ó ṣeé ṣe kó wọ́ díẹ̀. Àmọ́ ilé ló wọ́ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ wo fíìmù náà. Ẹ̀gbọ́n wò ó dópin. Ó ní ọmọkùnrin tó ṣe òun mú òòlù bí ẹni mú ṣíbí, ṣùgbọ́n ó mọ ẹkún sun. Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá wúwo jù ní ṣọ́ọ̀bù, káfíńtà á ní kí wọ́n lọ pe ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ òǹkọ̀wé, pé òun ṣì kéré. Kọọ́sílẹ̀ á sì wá, á di ẹ̀gbẹ́ kan pákó mú, á máa ráhùn pé ọjọ́ orí òun kì í ṣe èyí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Kọọ́sílẹ̀ kú, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tó ti bá ẹni tó ń pín ìwé ìròyìn jiyàn nítorí àmì ohùn kan tí wọ́n ṣì fi. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ní kí Àbígbẹ̀yìn kọ nǹkan kúkurú nípa bàbá rẹ̀. Ó ti tẹ gbólóhùn ẹlòmíì láti kékeré, kò kọ tara rẹ̀ rí. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìyá rẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lósì.

Ìyá ní kó kọ ọ́ pé bàbá máa ń gbọ́ràn sóun lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ní kó kọ ọ́ pé kì í jiyàn. Ìyá ní kó fi kún un pé ó ga. Àbígbẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe wí, ó sì kà á fún wọn: ọkùnrin gíga, olùgbọ́ràn, aláìjiyàn.

"Ta lẹni yẹn?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, àmọ́ kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Àbígbẹ̀yìn fa ewé náà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ bàbá rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kò fi ìka kan fà á gùn, kò sì fi ìka kan gé e kúrú. Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó bá ń kọ nípa bàbá rẹ̀ ò lè ṣàì yọjú sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè wọ́n, ó kà á fún wọn sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyá ní láti yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kó má gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n ń gbá eékún ara rẹ̀, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tó kà á dé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ rẹ̀ tó rí págunpàgun jáde, ó fi bo ojú ìwé náà.

"Dúró síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi," ó wí. "Padà sẹ́yìn díẹ̀. Síbi tó ti ń bínú."

Àbígbẹ̀yìn ṣí i padà sẹ́yìn, ó wá ibẹ̀ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà.