Kòkó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá máa ń rùn kíkan díẹ̀, bí ẹmu tó ti sùn ọjọ́ méjì, kí oòrùn tó bá a wí tí yóò fi di òórùn dídùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Òórùn kíkan yẹn ló máa ń pàdé mi lẹ́nu géètì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Aládé, ní Ìdànrè, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Òkè ni kíláàsì mi wà, kẹ́míìsì kan wà nísàlẹ̀. Iwájú ilé náà jẹ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, tí ó lè gba ọkọ̀ mẹ́rin bí àwọn tó ni wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn, tí kì í sì í gbà ju mẹ́ta lọ bí wọ́n bá ń bínú.

Ọkọ̀ tí mo ń wà nígbà náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ni ín. Ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun fún ọdún kan, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà kú sójú kan, ló bá fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ láti Òdòde. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò pọ̀. "Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kí n bá a." Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí gbólóhùn kékeré yẹn fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi jáde yunifásítì. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta níbẹ̀, ó yá mi ní lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ èrò. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ó ti tán," láti ọjọ́ náà kò sì fi nǹkan tirẹ̀ kankan sí mi lọ́wọ́ mọ́, àfi ọkọ̀ yìí. Nítorí náà, nígbàkigbà tí mo bá jókòó sídìí rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n tún ń dán wò lẹ́ẹ̀kejì, tí kò sì ní sí ẹ̀kẹta.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kò tíì pé tí mo fi rí àmì funfun kan lára ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, tó gùn tó ìka kan. Ẹnìkan ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀ lù ú. Mo fi ọṣẹ ìfọyín àti àkísà rírọ̀ nù ún títí ó fi kúrò, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi. Mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì mi àtijọ́ sí mẹ́rin, mo ń fi okùn so wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí mo bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ewúrẹ́ fa méjì ya nínú wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ láti òkè. Bí mo bá gbọ́ pé ọkọ̀ kan ti wọlé, màá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa tẹ̀ é lọ, màá sì sáré sọ̀ kalẹ̀ láti bá onítọ̀hún di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú bó ṣe ń jáde. Àwọn kan rò pé ọ̀wọ̀ ni, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì kò rò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, tó ń wa jíìpù, ẹsẹ̀ ló sì máa ń fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí torí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo.

"Tíṣà," ó wí lọ́jọ́ kan tí mo di ilẹ̀kùn náà mú, "ìgbà wo ni mo gbà ẹ́ síṣẹ́?"

"Mo kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni, sà."

"Ọkọ̀ tó ń wọ fóòmù nínú oòrùn. Àbí ibà ló ń ṣe é? Wá ra oògùn fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Àwọn tó dúró níwájú káńtà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo sì lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà láti máa ro ohun tí ǹ bá fi fèsì.

Ìgbà yẹn ni àsìkò kòkó dé. Bí o bá ti gbé Ìdànrè rí, o mọ̀ pé lásìkò náà gbogbo ibi tó bá tẹ́jú ló ti ní olúwa rẹ̀: ẹ̀bá títì, iwájú ilé, ẹ̀yìn ilé ìwé. Obìnrin kan wá dúró lẹ́nu géètì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ká tapólì méjì sórí. Òkè-Ògùn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá. Wọ́n ń tọ́jú oko kòkó ẹlòmíràn lọ́nà Atosin, ìdá kan nínú ohun tí wọ́n bá ká ló sì jẹ́ tiwọn. Kòkó olóko ti gba gbogbo àgbàlá ilé rẹ̀, wọ́n wá ń wá ibi tí wọ́n á sá ìpín tiwọn sí. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì ti ń mi orí kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi náà ì bá mi orí tèmi, ṣùgbọ́n nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Ní ìlú yẹn, ènìyàn lè gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìn, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò fi táyà tẹ kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀.

"Ẹ tẹ́ ẹ síhìn-ín, mà," mo wí. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn ọ̀tún ọkọ̀ mi lọ títí dé ibi tí jíìpù máa ń dúró sí. "Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ọkọ̀ mi dáadáa."

"Kò ní dí yín lọ́wọ́, Tíṣà?"

"Rárá o, mà."

Aláàdúrà ni obìnrin náà. Ó yọ ìgò omi kan nínú àpò rẹ̀, ó wọ́n díẹ̀ sí táyà ọkọ̀ mi, ó ní ẹni tó fún òun láyè, ayé á gba olúwa rẹ̀. Mo ṣe àmín. Ojú tì mí bí mo ṣe ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni ìgbà tí ọkàn mi balẹ̀ jù lọ lọ́dún yẹn. Kòkó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ̀. Lọ́wọ́ òsì, àyè tóóró kan ló kù láàárín òun àti ògiri, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà lò. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì gbé jíìpù rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń kùn. Láràárọ̀, obìnrin náà á tẹ́ kòkó rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ gba àárín rẹ̀ lọ, á máa wọ́ ọ padà, kí ti ìsàlẹ̀ lè yí sókè, lẹ́yìn náà á lọ sóko, á sì padà wá kó o nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wá fún mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rò ó dáadáa. Bí mo bá kọ̀ ọ́, yóò béèrè ìdí. Bí mo bá gbà á, mo ń gba ọpẹ́ inú rere tí n kò ṣe. Mo gbà á, mo dín in, ó dùn, inú mi kò sì dùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, kó tó lọ sóko, ó dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó pè mí.

"Tíṣà, ó ku ọjọ́ kan kó gbẹ tán. Ẹ bá mi fojú sí i. Tapólì ìbora nìyí lórí ògiri. Bí òjò bá ṣú, ẹ kàn bá mi nà án lé e, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀."

Mo ní kó lọ, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan kó oògùn wá fún kẹ́míìsì, kò rí ibòmíràn, ó sì fún ara rẹ̀ wọ àyè tóóró tó wà lọ́wọ́ òsì mi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò jìn sí tèmi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lọ. Awakọ̀ náà ń wọlé, ó ń jáde, ó ń mú ìwé, ó ń mú bírò, nígbàkigbà tó bá sì ṣí ilẹ̀kùn yẹn, màá na ọrùn wò bóyá ó kan tèmi. Mo wo òkè. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́. Mo wo ògiri. Mo mú tapólì obìnrin náà, mo ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, mo fi bo ilẹ̀kùn méjèèjì ọwọ́ òsì, mo fa okùn rẹ̀ gba ojú wíńdò wọnú ọkọ̀, mo ta á ní kókó nínú, mo yí wíńdò sókè, mo ti ọkọ̀ pa. Ó nípọn ju fóòmù lọ. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo padà sí kíláàsì, mo tilẹ̀ yin ara mi.

Òjò Aládé máa ń ti ẹ̀yìn òkè òkúta yọ síni lójijì ni. Mo ń fi bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà han akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí mo fi gbọ́ ẹ̀kán àkọ́kọ́ lórí páànù. Nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀, ọ̀gá oníkẹ́míìsì ti bọ́ bàtà, ó ń ká etí tapólì ìsàlẹ̀ lé kòkó náà lórí, ṣùgbọ́n kò tó o bò.

"Tapólì dà?"

"Ó wà lára ọkọ̀, sà."

"Lára kí ni?"

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi lókè. Mo sáré gun àtẹ̀gùn, mo sáré padà. Kí n tó lè tú okùn náà, mo gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, torí kòkó ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ akẹ́rù náà sì ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ wọ àárín ọkọ̀ méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo rọra ṣí i. Òjò ń rọ̀ sórí kòkó obìnrin yẹn, ọkùnrin kan tó lè jẹ́ bàbá mi ń pariwo "Tíṣà, Tíṣà," èmi sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi dì mọ́ etí ilẹ̀kùn kó má bàa kan ara ọkọ̀ kejì. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe. Okùn náà sì ti fún, nígbà tí mo fi tú kókó rẹ̀ tán, kòkó tó wà nítòsí ọkọ̀ mi ti ń léfòó. A na tapólì lé e, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì wo tapólì náà, ó wo ọkọ̀ mi, ó mú bàtà rẹ̀, ó wọlé. Mo ti retí pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òjò kò tíì dá tán tí ọ̀kadà fi gbé obìnrin náà dé, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ tapólì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi eyín gé ẹyọ kan wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti tapólì. Mo sọ ti àmì funfun, mo sọ ti fóòmù àti ewúrẹ́, mo sọ ìdí tí mo fi fún un láyè ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo sọ ọ́ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dúró kí n sọ tán.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí abiyamọ tuntun, ta ni kò ní mọ̀? Èmi náà ń fi ọkọ̀ yẹn dínà ewúrẹ́. Mo ní a jọ ń jẹ èrè rẹ̀ ni."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa àwọn ẹyọ tí omi ti gbé lọ.

"Ṣùgbọ́n tapólì yẹn, ọmọ mi. Ìbora kòkó ni mo fi sí ọ lọ́wọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè mí ní Tíṣà. Kò gbé ohùn sókè rárá.

Oòrùn kò ràn dáadáa fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tí omi wọ̀ hu funfun, ẹni tó ń ra kòkó sì yà á sọ́tọ̀, kò mú un. Ó tó àpò kan nínú àpò mẹ́ta tí wọ́n fi gbogbo àsìkò náà ṣe. Nígbà tí mo béèrè ohun tí mo lè ṣe, obìnrin náà ní kí n wá sóko. Sátidé mẹ́ta ni mo fi bá wọn fọ́ kòkó lọ́nà Atosin. Ọkọ rẹ̀ wo bí mo ṣe ń rọra fi àdá kan èèpo kòkó, ó ní, "Tíṣà, lù ú dáadáa. Kòkó kì í ní dẹ́ǹtì bí ilẹ̀kùn ọkọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà kò dùn mí.

Obìnrin náà kò sá kòkó sọ́gbà wa mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún un láyè. Jíìpù padà síbi tó ti ń dúró. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilẹ̀kùn ọ̀tún ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi tẹ̀ wọnú níbi kan, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Mo dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́, mo ń retí ìbẹ̀rù tí mo ti ń sá fún, ó sì dé, ṣùgbọ́n kò tó bí mo ṣe rò. Lọ́jọ́ Àìkú mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ti dẹ́ǹtì náà fún un, bí mo sì ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ ti kòkó pẹ̀lú, títí kan ibi tí mo ti rọra ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé obìnrin yẹn ti rí ibòmíràn?" ẹ̀gbọ́n mi ní.

Mo ní ó ti rí.

"Ó dáa. Panẹ́bítà tó lè tún un ṣe wà ní gbogbo ìlú," ó wí, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo ṣì jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra. N kò rò pé mo lè yí ìyẹn padà, n kò sì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí mo bá rí i pé ọkàn mi balẹ̀ jù lórí ohun kan tí mo ń tọ́jú, mo máa ń dìde wò yíká, kí n lè mọ ẹni tí òjò ń pa nítorí rẹ̀.