Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Gbà

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Heathway, nílùú òyìnbó níbí, nígbà yẹn, òórùn ẹja gbígbẹ ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ kí èmi alára tó lanu. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rẹ́ mi, mítípáì tí wọ́n ń yan ní ilé búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ mi ló borí ẹja, òun ló sì kó bá mi.

Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun ló wọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ga bí òpó iná, ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún kílọ́ọ̀bù kan ní Sípéènì, ó sì ku eré méjì péré kí wọ́n gba ife ilẹ̀ Yúróòpù.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wòlíì ní kí ẹni méjì fohùn ṣọ̀kan. Dókítà ti sọ pé orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e dé ọdún tó ń bọ̀. Èyí ló kù ún kù."

Mo ní, "Ṣé torí bọ́ọ̀lù la ṣe fẹ́ máa febi pa ara wa báyìí?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Mo bá gbà, kó lè kúrò níwájú àwọn tó fẹ́ ra iṣu.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní kò tíì lù tí mo fi lóṣòó sẹ́yìn àpò gàrí, tí mo jẹ mítípáì méjì. Ẹ̀rín ń pa mí: ìyá arúgbó tó ń sá pamọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n borí nínú eré àkọ́kọ́, ìyá yẹn pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ má tíì jẹ nǹkan kan o." Mítípáì kún ẹnu mi. "Hùn-ún" ni mo fi dá a lóhùn.

Àmì ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi na ọmọ náà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá.

Lọ́jọ́ kejì àṣekágbá náà, ìyá rẹ̀ wá ra ata. "Ẹ má bínú, Àǹtí, mo febi pa yín lásán. Mo gbàgbé, mo tọ́ ọbẹ̀ wò níbi tí mo ti ń sè é. Èmi ni mo ba ààwẹ̀ wa jẹ́." Omijé ń dà lójú rẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ata ni mo ń bù sínú ọ̀rá, tí mò ń bù ú, títí ọ̀rá náà fi kún àkúnya. Mo jẹ́ kó gbé e lọ, òun àti ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Títí di òní, kì í tọ́ ọbẹ̀ wò mọ́, ì báà má jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀. Tó bá sè é wá sí ìjọ, iyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn ará ìjọ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á wojú mi kí n fi tèmi kún un. Èmi á kàn fa abọ́ mọ́ra, màá jẹ ẹ́ tán. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹni tó bá lẹ́nu bíi tèmi gbọ́dọ̀ láyà. Bọ́ọ̀lù tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a ló fi hàn mí pé ojo ni mí.