Òdòdó Funfun Ẹ̀yìn Hotoro

Òórùn búlùú àti ti omi eérú ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé. Kí n tó la ojú ni màá ti gbọ́ tí Màámi ń fi ọwọ́ méjèèjì fọ sutana ní àgbàlá wa ní Sabon Gari, ṣáká-ṣáká. Aláṣọ funfun ni wá, eruku Kano kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun bọ̀wọ̀ fún aṣọ ìjọ. Màámi á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi eérú, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á wá rì í sínú omi búlùú, títí tí yóò fi funfun débi pé ẹ ò ní lè wò ó nínú oòrùn. "Ohun tó bá máa dé iwájú Ọlọ́run," ni yóò wí, "kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n." Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ṣe ọmọdé lákòókò yẹn mọ̀ pé a kì í bi òbí léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni àkọ́bí. Lẹ́yìn mi, ọmọ méjì wá, méjèèjì sì padà sọ́run kí wọ́n tó rìn. Nígbà tí Màámi lóyún ìkẹrin, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́. Bí gbogbo ilé ṣe gbọ́ ẹ̀jẹ́ náà nìyí: bí ọmọ yìí bá dúró, òun yóò máa gbé òdòdó funfun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn wá síwájú pẹpẹ lọ́dọọdún, ní Sunday tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Sámúẹ́lì ni wọ́n bí. Òjò àkọ́rọ̀ ló bá wá sáyé.

Ibo lèèyàn ti ń rí òdòdó inú igbó ní Kano? Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Bàámi ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ àti nǹkan ìlò ilé, oyin sì wà lára ọjà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá Hausa kan, Màlámù Àúdù, ló ti ń rà á, lẹ́yìn Hotoro lọ́hùn-ún. Oko ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe Hotoro tẹ́ ẹ mọ̀ lónìí. Sátidé-Sátidé ni Bàámi ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ. Màlámù kó ilé oyin rẹ̀ sórí igi, lẹ́bàá àpáta kan tó tẹ́jú. Tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, òdòdó kan á yọ lẹ́sẹ̀ àpáta náà. Á ta ọ̀pá gígùn kan sókè, òdòdó á tò sára ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. Díẹ̀ funfun báláú, láàárín wọn níbẹ̀, kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. A ò ní orúkọ fún un nílé wa.

Ìbéèrè tí mo bi Màlámù lọ́jọ́ kan ni pé ṣé òdòdó yìí ló ń fún àwọn oyin rẹ̀ ní oyin. Ẹ̀rín pa á. "Karya yake yi, 'yar Yarbawa," ló fi Hausa dá èmi ọmọ Yorùbá lóhùn, pé irọ́ ni òdòdó náà ń pa, pé ẹ̀wà lásán ló ní, kò ní nǹkan kan nínú. Oyin á bà lé aláwọ̀ àlùkò, kò ní bá nǹkan kan, á bínú. Bó bá wá rí funfun, á rò pé ilé ẹlòmíràn nìyẹn, á tún lọ gbìyànjú. Bó bá já a kulẹ̀, á tún padà sí àlùkò. Kí ó tó gbọ́n, ó ti bá wọn gbé ohun tí wọ́n fẹ́ kiri, wọ́n á sì so èso. Èmi kàn rẹ́rìn-ín ni. Funfun ni mo wá wá.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, mo já òdòdó funfun, Màámi gbé e lọ, Sámúẹ́lì ń sanra. Lọ́dún kẹta, mo rí i pé funfun ti dín kù. Àyà mi já. Bí kò bá sí mọ́ ńkọ́? Mo bá gbọ́n àgbọ́njù. Bí Bàámi àti Màlámù ṣe ń sẹ́ oyin lọ́wọ́, mo mú igi, mo wú gbogbo èyí tó funfun tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Wọ́n ní iṣu kéékèèké nílẹ̀ bí atalẹ̀. Mo já òdòdó fún Màámi, mo fi aṣọ di àwọn iṣu náà, mo sì lọ gbìn wọ́n sẹ́yìn balùwẹ̀ wa, kí ti ọdún tó ń bọ̀ lè wà nílé. Omi tí Màámi fi fọ sutana ni mo ń tọ́jú, tí mo ń bù sí wọn lójoojúmọ́. Lójú tèmi, omi tó ń sọ aṣọ di funfun ni yóò mú òdòdó dúró ní funfun. Kò pé oṣù kan tí gbogbo wọn fi rà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ọdún tó ṣáájú òmìnira, mo ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ àpáta kún fún àlùkò, kò sí ẹyọ funfun kan. Màlámù tọ́ka sí àwọn ihò tí mo gbẹ́, ó mi orí. "Ẹni tó ṣe èyí ò rò ó," ló wí fún Bàámi. "Báyìí oyin á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á sì gba oko lọ." Bàámi ní àbí ẹran ló jẹ ẹ́. Mo yára ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlùkò ni mo kó sínú apẹ̀rẹ̀ wálé.

Sunday ìdúpẹ́ ku ọ̀la. Nílé, ara Sámúẹ́lì gbóná bí ààrò. Àná ló ti bẹ̀rẹ̀, kò jẹun, ojú rẹ̀ kàn ń wo òkè. Mo gbọ́ tí Màámi ń gbàdúrà nínú yàrá, tó ń pe orúkọ àwọn méjì tó ti lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Èmi ni mo wú ẹ̀jẹ́ ìyá mi nílẹ̀. Bí Sámúẹ́lì bá kú, èmi ni mo pa á.

Báàfù ìfọṣọ wà ní àgbàlá. Kí ni a ń ṣe sí ohun tí kò bá funfun nílé wa? Mo da díẹ̀ lára òdòdó náà sínú omi eérú, mo fi búlùú sí i. Yé è! Ojú mi báyìí ni àlùkò yí padà, ó di àwọ̀ ewé gbígbó, ó sì rọ̀ jọwọrọ. Ibẹ̀ ni Màámi bá mi.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Màámi, mò ń fọ̀ wọ́n ni. Ẹran ti jẹ funfun tán."

N kò rí i kó rẹ́rìn-ín, n kò rí i kó bínú. Ó ṣa àwọn tí n kò tíì rì sómi, ó kó wọn sínú abọ́ tánganran, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan béèrè sókè pé, "Ìyá Sámúẹ́lì, funfun dà?" Màámi ní, "Ohun tí Ọlọ́run mú hù ni mo mú wá." Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Sámúẹ́lì làágùn, ó béèrè kókò, ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa.

Òtítọ́ ni Màlámù sọ. Lọ́dún yẹn, èso tí àlùkò so lẹ́sẹ̀ àpáta kò tó nǹkan. Ọdún lé ní mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, olùkọ́ wa ṣàlàyé pé òdòdó tí kò ní oyin nínú ń rọ́nà gbà bó bá ní àwọ̀ méjì, pé ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́ láti tan kòkòrò jẹ. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń gbóòórùn eérú.

Màámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún kí n tó jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo wú òdòdó funfun náà. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a," òwe tirẹ̀ ni, mo sì rò pé ọjọ́ náà ti pé.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ṣé ẹlòmíràn ló ń bu omi ọṣẹ sẹ́yìn balùwẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin mọ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi nà mí?"

Ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. "Òdòdó ni mo ṣèlérí fún Ọlọ́run níwájú pẹpẹ. N kò sọ àwọ̀. Ìgbà tí mo ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ ni mo fi funfun kún un, kó lè dùn létí wọn. Ta ni ǹ bá wá nà?"

Màámi ti lọ sinmi. Sámúẹ́lì ti hu irùngbọ̀n funfun, ó ń fi Hausa bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbà pé Ọlọ́run ń ka àwọ̀ òdòdó. Àgbàlagbà tí mo dà mọ̀ pé kò kà á, mo tilẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé àlùkò náà nílò funfun láti wà láàyè. Síbẹ̀, bí Sámúẹ́lì bá pè mí lórí fóònù pé ara òun gbóná díẹ̀, ojú mi ń kọ́kọ́ wá òdòdó funfun kiri inú yàrá.