Ìgò Tó Wà Lẹ́yìn Àpótí Irinṣẹ́

Ta ló ní kí ẹ̀gbọ́n má jowú àbúrò? Kì í ṣe èmi. Ọ̀rọ̀ owú, ta ni ò ní in lára? Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ jowú, kó jókòó sójú kan kó jowú ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kó má fi iṣẹ́ kún un bíi ti Bọ̀dá Etí.

Mẹkáníìkì ni Bọ̀dá Etí. Etí rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá fi ẹnu sukudiráìfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì, tó fi ìdí rẹ̀ ti etí, á ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kí ẹni tó ni ín tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá ti dàgbà báyìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó wá di pé kó máa jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, kó máa fi ìró dárúkọ ọkọ̀ tó bá ń kọjá. Àyè mẹ́ta ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló ní kòtò, kòtò tí wọ́n fi bíríkì mọ yíká, tí èèyàn lè dúró sínú rẹ̀ kó máa tú abẹ́ ọkọ̀ láìfẹ̀yìn lélẹ̀. Àyè Bàbá nìyẹn. Ẹni tó bá ni kòtò ni ọ̀gá. Ogún ọdún gbáko ni Bọ̀dá Etí ti ń wò ó.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àbíkẹ́yìn, ló bà á lọ́kàn jẹ́. Ọdún méjìlá ló fi ju ọmọ náà lọ. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn wà ní kékeré, èjìká Bàbá ni ilé rẹ̀. Bọ̀dá Etí á máa nu sípánà, á máa wo èjìká yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó gbé òun sí i rí. Nígbà tó yá, ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ eré ìje ṣe. Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀, ó sì gbé kámẹ́rà kan bọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá ò lè pa ẹnu dé mọ́. "Àbíkẹ́yìn mi ti dé o!" Àwọn aládùúgbò ń wá kí i. Ẹni tí kò lọ síbì kankan ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kí i kú ilé.

Wàyí o, oníbàárà kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ti Bọ̀dá Etí. Dókítà Eléyín ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tọ́jú eyín láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá wá di ìparí oṣù, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ pupa lọ sí pápá ìje, á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ̀ náà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò sáré mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Bọ̀dá Etí gbé etí sí i, ó ní fáàfù ni, ó sì da oògùn tó ń fọ fáàfù sínú táǹkì. Ó dà á lẹ́ẹ̀kan, ó dà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dà á lẹ́ẹ̀kẹta. Pàbó ló já sí.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n fi kámẹ́rà wò ó," ni Àbíkẹ́yìn wí.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ni Bọ̀dá Etí dá a lóhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Àkísà yín náà la fẹ́ fi nù ún."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Etí ò rẹ́rìn-ín.

Kámẹ́rà wọlé. Fáàfù ni lóòótọ́, etí kò purọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, èérí dúdú ti gan mọ́ ọn, ó nípọn, ó le gbagidi. Dókítà ní, "Háà, eyín tí wọn ò fọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i nìyí!"

"Oògùn Bọ̀dá ò lè débẹ̀ ni," ni Àbíkẹ́yìn ń ṣàlàyé fún Bàbá. "Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀yin mọ̀, ẹ̀yìn fáàfù ni bẹntiróòlù ń gbà kọjá, ó sì ń fọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ. Èyí ń fọ́n tiẹ̀ tààrà síbi tí iná ti ń jó. Kò kan fáàfù rárá. Ohun téèyàn bá dà sí táǹkì, bí ìgbà téèyàn ń fọ ilé ìdáná tó ń retí kí yàrá mọ́ ni."

Níṣojú oníbàárà rẹ̀! Níṣojú Bàbá! Ara Bọ̀dá Etí gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí.

Àbíkẹ́yìn fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ èèpo èso líle tí wọ́n lọ̀ bí iyanrìn lu àwọn fáàfù náà títí wọ́n fi ń dán. Ó ní ṣùgbọ́n fífọ̀ nìkan kọ́, kó má padà wá ni iṣẹ́. Ọ́ìlì gidi ni kí wọ́n máa lò, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbó. Èéfín ọ́ìlì tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, tó ń gba inú ọ̀pá roba padà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òun ló ń lẹ̀ mọ́ fáàfù. Ó wá de agolo kan sójú ọ̀nà rẹ̀ láti máa gba ọ́ìlì inú èéfín náà. Ó ní oṣù mẹ́fà ni agolo ọ̀hún máa tó kún, òun á sì ṣí i nígbà náà.

Bàbá mirí sí i. "Ó dáa. Ọjọ́ tá a bá ṣí agolo yìí ni mo máa sọ ẹni tó ni kòtò."

Ẹ gbọ́ ohun tí Bọ̀dá Etí ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni Dókítà máa ń yà ní Sátidé kí wọ́n bá a wo afẹ́fẹ́ táyà. Ní gbogbo ìgbà tó bá dé, Bọ̀dá Etí á ní òun fẹ́ wo omi rẹ́díétọ̀, á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á yọ agolo náà, á dà á gbẹ, á fi àkísà nu inú rẹ̀, á dá a padà. Èrò rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á bá a lófìfo, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé agolo lásán lọmọ náà gbé kọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ́rùn. Kò jẹ́ da ohun tó bá níbẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì ìlò, nítorí omi tó pò mọ́ ọn mú kó dà bíi tíì oní mílíìkì, Àbíkẹ́yìn á dá a mọ̀. Kò sì lè dà á sílẹ̀, nítorí Bàbá ti fi kùmọ̀ kọ́ ọ láti kékeré pé mẹkáníìkì kì í da ọ́ìlì sílẹ̀. Ó ń rọ ọ́ sínú ìgò ńlá kan lẹ́yìn àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ohun kejì tí Bàbá kọ́ ọ ni pé ohunkóhun tó bá jáde lára ọkọ̀, kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá ti ga sókè nínú ìgò, á fa ìlà, á kọ ọjọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Owú ni ọkàn ń jẹ ní tiẹ̀. Tó bá ti gbọ́ tí Bàbá pe "Àbíkẹ́yìn mi" láàárọ̀, á wo ìgò náà, ara á tù ú díẹ̀.

Oṣù mẹ́fà pé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí ọkọ̀ pupa náà ká. Àbíkẹ́yìn tú agolo, ó bojú wò ó, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀kán kan ò jáde.

"Òfìfo!" ni Bọ̀dá Etí pariwo. Láti oṣù kìn-ín-ní ló ti ṣètò ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu. "Ẹ bá wa gbé e lọ sílé, ká máa fi wọn ìrẹsì."

Ojú ti Àbíkẹ́yìn débi pé kò lè gbé orí sókè. Dókítà wo ilẹ̀. Inú Bọ̀dá Etí dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn dénú egungun.

Bàbá dìde. Ó gba sukudiráìfà gígùn náà, ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ó gbé etí lé e, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á, ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ń mí geere. Àbíkẹ́yìn, ti kámẹ́rà ẹ bọ̀ ọ́, kó o sọ ohun tó o rí."

"Fáàfù mọ́, Bàbá. Gbogbo wọn ló mọ́."

"Fáàfù mọ́. Agolo gbẹ. Ọ́ìlì tí kò sí níhìn-ín, tí kò sì sí lọ́hùn-ún, ṣé ó fò lọ ni?" Ó yí ojú bàìbàì rẹ̀ síbi tí ọmọkùnrin rẹ̀ dúró sí. "Ìwọ ni mo kọ́ pé a kì í dà á sílẹ̀. Lọ gbé e wá."

Bọ̀dá Etí lọ sẹ́yìn àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì. Ìlà mẹ́tàlá, ọjọ́ mẹ́tàlá. Ó ń retí kí Àbíkẹ́yìn bú òun. Kò bú u. Ó gbé agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ó ń fi ìka ka ìlà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, mo ṣì í ṣe," ló wí. "Agolo mi kéré. Bí Dókítà ṣe ń sáré tó, mi ò rò ó kúnná. Oṣù kẹta ni ì bá ti kún. Tí Bọ̀dá ò bá máa dà á ni, gbogbo ẹ̀ ì bá ti padà sínú ẹ́ńjìnnì, fáàfù ì bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ojú Bọ̀dá Etí! Ká ní ó káwọ́ gbera ni, ká ní ó sùn ní gbogbo Sátidé mẹ́tàlá yẹn, kòtò ì bá ti di tiẹ̀ lónìí. Owú ló fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe é ní àṣeyanjú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní eruku ló kó sí òun lójú.

"Ẹni tó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ láìsí ẹni tó bi í, òun ni mo fún ní kòtò," ni Bàbá wí. Ó jókòó padà.

"Ọkọ̀ mi ńkọ́?" ni Dókítà béèrè. "Ọwọ́ ta ni kí n fi í sí?"

"Ọwọ́ Bọ̀dá," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Ta ló tún máa tọ́jú ẹ̀ tó báyìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bọ̀dá Etí ju èébú lọ.

Ìgò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò títí dòní, lórí pẹpẹ tí gbogbo oníbàárà lè rí. Bí ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, Àbíkẹ́yìn á gbé e lé wọn lọ́wọ́, á ní kí wọ́n wo ohun tí ì bá lẹ̀ mọ́ fáàfù. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ka àwọn ọjọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ìkọ̀wé yìí mà dáa o, ta ló ní sùúrù tó báyìí? Àbíkẹ́yìn nawọ́ sí àyè kejì, níbi tí Bọ̀dá Etí ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kan.

"Ẹ̀yin ni, sà?" ni obìnrin náà béèrè.

Bọ̀dá Etí yọrí díẹ̀. Ó wo ìgò, ó wo kòtò, ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró sínú rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.