Àlùbọ́sà Tí Màmá Mi Kò Lè Tà

Òórùn ọtí kíkan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò wa ní Kumasi, nítorí ọtí kíkan wà nínú aró pupa tí a fi ń kun ohun tí a bá fẹ́ wò. Lọ́dún tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀, òórùn àlùbọ́sà dà pọ̀ mọ́ ọn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta sàláàdì ní Ayigya, ọwọ́ mi á fẹ́ wá abẹ tí a fi ń gé gbòǹgbò.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa kò gùn láti sọ. Kí olúkúlùkù gbé àlùbọ́sà lé ẹnu ife omi títí yóò fi ta gbòǹgbò. Kí ó gé ṣóńṣó gbòǹgbò náà, kí ó kùn ún láró, kí ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sórí gíláàsì, kí ó sì ya àwòrán bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ya ti inú ìwé, àfi ohun tí ojú ẹni bá rí. Ẹni tí kò bá parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi sì wà nílé, ó ń dúró kí n jáde yunifásítì kí òun lè wọlé, nítorí owó ẹnì kan ṣoṣo ni ilé wa lè san.

Mo rò pé ọ̀nà tèmi yá ju ti àwọn yòókù lọ. Màmá mi, tí àwọn òbí wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Race Course kí wọ́n tó bí mi. Àwọn fúnra wọn ló ṣa márùn-ún fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dán bíi bàbà. Wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tó máa rí àlùbọ́sà ọmọ mi ní yunifásítì kó yínmú sí i.”

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ife tèmi kò ní nǹkan kan nínú ju omi lọ. Ti àwọn ẹgbẹ́ mi ti ta gbòǹgbò funfun bí irùngbọ̀n bàbá àgbà. Ọ̀gá tó ń tọ́jú yàrá náà, ọmọ Asante tí kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń dápàárá, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Maame Gyeene, ìyá alálùbọ́sà. “Maame Gyeene, ọbẹ̀ yẹn kò tíì jinná?” Mo pààrọ̀ omi. Mo gba àlùbọ́sà márùn-ún mìíràn lọ́wọ́ màmá mi. Mo fura sí omi, mo fura sí ife, mo fura sí ooru yàrá, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Kò wá sí mi lọ́kàn láti fura sí àlùbọ́sà màmá mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, mo lọ bá màmá mi nídìí ọjà wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

“Kó ta gbòǹgbò kẹ̀? Èmi tí mò ń fi ọ̀bẹ ha ìdí wọn kí wọ́n má baà hù? Ta ló fẹ́ ra èyí tó bá hù?”

Wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ kan jáde lábẹ́ tábìlì, èyí tí wọ́n ń kó àwọn tó ti rọ̀ tàbí tó ti yọ ewé sí. “Kó wọn. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n kó wọn. Kí o sì gé gbòǹgbò wọn láàárọ̀ o. Bí mo bá kí ìrun Àsùbáà tán, tí mo wá yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n máa ń ti gùn sí i.”

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ojú ẹnì kan ló rí i, kò sì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n mo pinnu láti gé e láàárọ̀.

Mo gbé wọn lé omi, gbòǹgbò sì yọ lọ́jọ́ kejì; mo gé ṣóńṣó rẹ̀ láàárọ̀, mo sì kùn ún láró. Nígbà tí mo bo gíláàsì tínrín lé e, ọ̀gá yàrá náà dúró lẹ́yìn mi. “Má yí ọwọ́. Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀ka dìbò.” Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ ojú mọ́ máíkírósíkóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tò bí yàrá inú agboolé, ẹ̀kán pupa kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rọra sún un. Nínú yàrá kan, ẹ̀kán náà ti di òwú wíwé. Nínú òmíràn, àwọn òwú náà tò sáàárín gbọnrangandan. Nínú ìkẹta, wọ́n ti já sí méjì, ìdajì ń fà lọ síhìn-ín, ìdajì sọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé òkú ni mò ń wò, pé oògùn inú aró ti dá gbogbo wọn dúró. Síbẹ̀ n kò gbé ojú kúrò. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn, wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò dúró sí. Inú apẹ̀rẹ̀ ohun àdànù ni gbogbo èyí ti ń lọ.

Olùkọ́ wa wo gíláàsì, wọ́n wo àwòrán mi, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo tọrọ àyè kí n mú ẹnì kan wá.

Màmá mi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ọ̀gá yàrá náà ní, “Maame, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́. Àfọ́kù gíláàsì wà nílẹ̀.” Màmá mi tẹ ojú mọ́ awò náà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

“Subuhanallahi. Abẹ́ tábìlì mi ló ti ń ṣe èyí?”

“Ibẹ̀ ni, Màmi.”

“Tí mo sì ń ha á dànù.”

Wọ́n ṣì ń ha á, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ tà. Ní ti ọ̀rọ̀ gígé e láàárọ̀, n kò tíì dán an wò, n kò sì ní sọ pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí iṣẹ́ kan bá kọ̀ lọ́wọ́ mi, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé kí ni ẹni tó fẹ́ràn mi ti fi ìfẹ́ bá mi ha kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí mo bá ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ọ̀bẹ mi máa ń dúró díẹ̀ lórí ìdí àlùbọ́sà. Wọ́n máa ń rí i. “Gé e jàre,” wọ́n á ní, “oníbàárà ń bọ̀.” Ṣùgbọ́n àwọn náà á kọ́kọ́ wò ó.