Ogúnjọ́ Oṣù Keje ní Ìdí Okùn Bọ́dà

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni bàbá mi ní Ayétòrò, ọjọ́ ọdún tirẹ̀ sì ni ogúnjọ́ oṣù keje. Ọjọ́ yẹn ni àwọn òyìnbó gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ̀rọ wọn tún balẹ̀ sórí ayé pupa ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Máàsì. Lọ́dọọdún, bàbá mi á gbé pátákó ìkọ̀wé síta, á kó gbogbo ilé jọ, á ṣàlàyé méjèèjì bí ẹni pé òun ló wa ọkọ̀ náà. Màmá mi á jókòó síwájú, á máa yọ ọ́ lẹ́nu: "Tíṣà, ẹ tún ti kó àwọn èèyàn yín dé. Ta ló ń dáná fún wọn lọ́hùn-ún?" A ó rẹ́rìn-ín títí.

Ní 1984, màmá mi lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Kétu, lódìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Kútọnu. Ó fi àbúrò mi sílẹ̀ fún mi, èmi ọmọ ọdún méjìlá. Ó ń já ọmọ náà lẹ́nu ọmú lọ́wọ́, ó ní tí kò bá rí òun fún ọ̀sẹ̀ kan, á gbàgbé ọyàn. Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìjọba ti bọ́dà.

Ọ̀nà igbó wà, gbogbo ayé ló ń gbà á. Bàbá mi ló kọ̀. Ó ní ìyàwó òun kò ní í gba inú igbó wọlé bí ẹrù fàyàwọ́, pé ìjọba á ṣí i láìpẹ́. Láìpẹ́ di oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú bí mi, kí n má parọ́, ó ṣì ń bí mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí àpótí màmá mi, tí mò ń gbóòórùn ìró tó fi sílẹ̀, títí ìró náà kò fi ní òórùn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ogúnjọ́ oṣù keje 1985 pé, bàbá mi ránṣẹ́ sí i pé kó wá sí ìdí okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ. A fi àbúrò mi sọ́dọ̀ aládùúgbò, a wọ bọ́ọ̀sì. Sójà tó wà níbẹ̀ ní a lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ká má kọjá okùn. Màmá mi dúró lọ́hùn-ún, ó ti rù. Mo nawọ́, ọwọ́ mi kò tó o. Ẹ wá mọ ohun tí bàbá mi ṣe? Ó fa ìwé yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ òṣùpá àti Máàsì fún un. Ó ṣe mí bíi kí n já ìwé náà gbà.

Màmá mi gbọ́ ọ tán, kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá.

"Tíṣà, àwọn tó lọ sórí òṣùpá yẹn, ọjọ́ mélòó ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà délé?"

Bàbá mi ní wọn kò lò tó ọjọ́ mẹ́wàá.

"Èmi ń kọ́?"

Bàbá mi ká ìwé náà. Ó sún mọ́ okùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí sójà má baà gbọ́, ó ní, "Máa gba inú igbó bọ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, màmá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí àbúrò mi. Ọmọ náà figbe ta, ó sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń pè mí ní màmá. Èmi náà fẹ́ sáré lọ dì mọ́ màmá mi, kò jẹ́ kí n lọ.