Kọ̀ǹpútà Tó Mọ Àgbà

Ẹ dárúkọ Oyèníran ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá, ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn. Lọ́dún 1976, kọ̀ǹpútà ńlá wa ń tẹ èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì ń retí rẹ̀. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe pa èsì tì, tó ń tẹ iye ìgbálẹ̀ tó wà ní sítọ́ọ̀. Iṣẹ́ Bàbá Àkàngbé, olùtọ́jú sítọ́ọ̀, nìyẹn. Oyèníran ti tún ètò tó ń darí ẹ̀rọ ṣe, ó ti kọ ọjọ́ orí gbogbo wa sínú ẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó bá dàgbà jù ni ẹ̀rọ sì ń kọ́kọ́ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ nǹkan yìí kúrò," ni Hilda, ọ̀gá wa, wí.

"Kí n ní kí Bàbá dúró de ọmọdé, àbí?"

Bàbá fúnra wọn la lọ bẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n kí ìgbálẹ̀ kọ́kọ́ parí ná.

Ọdọọdún làwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń fi ètò tuntun ránṣẹ́ lórí téèpù. Níbòmíì, ọ̀sán ò ní pọ́n tí wọ́n á ti gbé e wọlé. Tiwa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí Oyèníran gbọ́dọ̀ tún gbogbo àrà ẹ̀ dá sínú ẹ̀: ti ọjọ́ orí, ti kíkí tí ẹ̀rọ ń kí wa láàárọ̀, àti ti ọjọ́ Jímọ̀ tó ń dúró kí Ṣàfíù, ọ̀kan lára wa, lọ kírun dé. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì paraku sì ni Oyèníran o.

"Ẹ jẹ́ ká lò ó bí wọ́n ṣe ṣe é, Ẹ̀gbọ́n. Tuntun á kàn wọlé ni," ni Hilda wí.

"Àbúrò mi, bí ṣòkòtò tó o rà bá gùn jù, o ò ní gbé e fún télọ̀?"

"Ọdọọdún lẹ̀ ń gbé e fún télọ̀."

"Télọ̀ ò ráhùn."

Oyèníran kú lọ́dún 1979. Hilda yọ gbogbo àrà ẹ̀ dànù, ètò tuntun wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan péré. Inú ẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àkàngbé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, wọn ò wọlé.

"Hilda, kí ni mo fi ṣe é tí ò kí mi mọ́?"

Hilda lọ wá ìwé tí Oyèníran ń kọ nǹkan sí, ó fi odindi ọjọ́ méjì dá kíkí yẹn nìkan padà. Bí téèpù tuntun bá ti dé, ó tún ń ṣe é nìyẹn, kò sì ráhùn rí. Ọkùnrin yẹn yọ wá lẹ́nu, a sì fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń tẹ ohun tó kọ sílẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìgbálẹ̀ ńkọ́?"